Gìtá Yín Ń Kùn? Ẹ Má Tíì Mú Fáìlì Jáde

Ọmọkùnrin kan gbé gìtá oníná rẹ̀ wá bá mi ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan, ìdánrawò ẹgbẹ́ akọrin wọn ku ọ̀la. Okùn kẹfà ń kùn bí eṣinṣin tó há sínú ike omi. Kí ó tó wá, ó ti fi fáìlì tí wọ́n fi ń pọ́n àdá nílé wọn ha mẹ́ta nínú àwọn fret, ìyẹn àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ orí ọrùn gìtá. Mo yẹ̀ ẹ́ wò, mo rí i pé kò sí ohun tó ṣe àwọn fret náà tẹ́lẹ̀. Okùn tuntun tó rà ló fúyẹ́ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ọrùn gìtá sì ti nà tán. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá di iṣẹ́ ọjọ́ méjì, nítorí ibi tó ha ni mo ní láti kọ́kọ́ tún ṣe.

Gìtá tó ń kùn dà bí ọmọ ọwọ́ tó ń sunkún. Igbe kan náà ni, ṣùgbọ́n ebi lè máa pa á, inú lè máa run ún, ó sì lè jẹ́ pé ó kàn tọ̀ sára ni. Ibi tí kíkùn náà wà lórí ọrùn gìtá ni yóò sọ ohun tó ń ṣe é fún yín.

Ohun tó ń fà á kò ṣòro láti mọ̀. Bí ẹ bá ta okùn, ó ń fì sókè sódò. Bí ó bá fì débi tó fi ń kan irin kan níwájú ìka yín, kíkùn dé nìyẹn. Ó lè jẹ́ pé okùn sún mọ́ irin jù, ó lè jẹ́ pé irin kan ga ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ó sì lè jẹ́ pé okùn ń fì jù, nítorí pé ó dẹ̀ tàbí nítorí pé ọwọ́ yín wúwo.

Ẹ jẹ́ ká dárúkọ nǹkan bí àwọn onígìtá ṣe ń pè é. Fret ni àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn gìtá. Nut ni ike tàbí eegun funfun tí okùn gba orí rẹ̀ kọjá kí ó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn kọ́kọ́rọ́ tí a fi ń yí i. Saddle ni irin kéékèèké tí okùn jókòó lé lọ́hùn-ún, lórí bridge, ìyẹn irin tó di ìdí okùn mú lára gìtá. Truss rod ni ọ̀pá irin tí wọ́n rì sínú ọrùn gìtá. Okùn ń fa ọrùn síwájú, òun ń fà á padà sẹ́yìn. Okùn kìíní ni èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù, ìkẹfà ló nípọn jù.

Irú Stratocaster ni gìtá tí mo ní lọ́kàn bí mo ti ń kọ èyí. Fender gbé e jáde ní 1954, àwòkọ rẹ̀ sì ni mo máa ń rí jù ní ṣọ́ọ̀ṣì àti lọ́wọ́ àwọn ẹgbẹ́ olórin jùjú. Níbi tí irú Les Paul, gìtá ti Gibson, bá ti yàtọ̀, n ó sọ.

Ohun tí ẹ ó kó sílẹ̀

Allen key tó bá gìtá wá, screwdriver kékeré, ohun tí ẹ fi ń tune (èyí tó wà lórí fóònù tó), bébà àti bírò. Ẹ wá káàdì ATM méjì tí ọjọ́ ti lọ lórí wọn. Ẹ tún wá gígé okùn kìíní tó jẹ́ íǹṣì 0.010, irú èyí tí a máa ń gé dànù tí a bá fi okùn tuntun sí i. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Okùn yẹn nípọn tó mìlímítà 0.25, káàdì ATM kan nípọn tó mìlímítà 0.76, méjèèjì sì péye ju rúlà ọmọ iléèwé lọ.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ gbọ́ ọ dáadáa kí ẹ tó fọwọ́ kan skúrù

Ẹ so gìtá mọ́ amp, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn rẹ̀ sókè, kí ẹ ta á bí ẹ ṣe máa ń ta á lọ́jọ́ eré. Bí etí yín bá ń gbọ́ kíkùn náà lára igi gìtá ṣùgbọ́n tí kò jáde nínú amp, ẹ fi í sílẹ̀. Gìtá oníná tí okùn rẹ̀ wálẹ̀ dáadáa máa ń kùn díẹ̀ bí kò bá sí nínú amp, èyí kì í ṣe àìsàn. Mo mọ àwọn tó ti fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lé ariwo tí ẹnikẹ́ni nínú ìjọ kò gbọ́ rí.

Bí ó bá jáde nínú amp, ẹ wo okùn. Okùn tó ti dípẹtà máa ń fì wúruwùru, kò sí àtúnṣe tó lè wò ó sàn. Ẹ fi tuntun sí i, ẹ tune é, kí ẹ tó máa bá iṣẹ́ lọ. Ṣé ìwọ̀n okùn tí gìtá náà ń lò tẹ́lẹ̀ ni ẹ rà? Gbogbo okùn mẹ́fà tí ìkìíní wọn jẹ́ 0.010, tí ìkẹfà jẹ́ 0.046, ń fi agbára tó tó nǹkan bíi kílò 46 fa ọrùn gìtá, ti 0.009 sí 0.042 kò ju nǹkan bíi kílò 38 lọ. Bí kílò mẹ́jọ bá fò kúrò lórí ọrùn, truss rod yóò borí, ọrùn yóò nà tàbí kí ó tẹ̀ sẹ́yìn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọmọkùnrin aláàdá wa nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni tí ẹ bá dẹ gbogbo okùn wálẹ̀ ní ìdajì ohùn kí orin lè bá ọ̀fun akọrin yín mu.

Ó ku àwọn nǹkan tó tú. Nígbà kan, èmi fúnra mi gbé saddle mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sókè títí ìka mi fi ń ro mí, kíkùn náà kò lọ. Òrùka irin tó de kọ́kọ́rọ́ okùn kẹrin ló ti dẹ̀, òun ló ń gbọ̀n. Nítorí náà, ẹ ní kí ẹnì kan máa ta okùn tó ń kùn, kí ẹ̀yin máa fi ìka tẹ nǹkan lọ́kọ̀ọ̀kan: àwọn kọ́kọ́rọ́, irin kékeré tó tẹ okùn mọ́lẹ̀ lórí gìtá, ike iwájú gìtá, ihò tí wáyà ń wọ̀, spring ẹ̀yìn, skúrù ara saddle. Bí ẹ bá tẹ nǹkan kan tí ariwo dákẹ́, ẹ ti rí i. Ẹ fún un le, ẹ lọ sùn.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ ya àwòrán ibi tó ń kùn

Ìgbésẹ̀ yìí ni àwọn ènìyàn máa ń fò jù, òun sì ni mo kà sí pàtàkì jù. Ẹ fa ìlà mẹ́fà sórí bébà fún okùn mẹ́fà, kí ẹ kọ nọ́ńbà fret sí òkè. Ẹ ta okùn kọ̀ọ̀kan láìtẹ ibì kankan, lẹ́yìn náà kí ẹ máa tẹ̀ ẹ́ ní fret kìíní, ìkejì, ìkẹta, títí dé òpin. Fún gìtá tó ní fret 22, ohùn 138 ni lápapọ̀. Kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Níbi tó bá ti kùn, ẹ sàmì sí i. Bákan náà ni kí ẹ ṣe máa ta gbogbo rẹ̀, ẹ má fi ìbínú ta ọ̀kan kí ẹ fi ìrẹ̀lẹ̀ ta òmíràn.

Ẹ wá wo bébà yín.

Bí àmì bá pọ̀ láti fret kìíní dé ìkarùn-ún, tí òkè sì dákẹ́, ọrùn ti nà jù tàbí ó ti tẹ̀ sẹ́yìn. Ẹ lọ sí ìgbésẹ̀ kẹta.

Bí ó bá jẹ́ pé láti àárín lọ sókè ni àmì pọ̀ sí, ọrùn lè ti tẹ̀ síwájú jù, saddle sì lè wà nílẹ̀ jù. Ìgbésẹ̀ kẹta náà ni ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ tó lọ sí ìkẹrin.

Bí okùn kan bá ń kùn káàkiri gbogbo fret, saddle okùn yẹn ló wálẹ̀. Ìgbésẹ̀ kẹrin.

Bí ó bá ń kùn nígbà tí ẹ kò tẹ ibì kankan, ṣùgbọ́n tó dákẹ́ bí ẹ bá ti tẹ fret kìíní, nut ni. Ìgbésẹ̀ karùn-ún.

Bí àmì kò bá ju ẹyọ kan tàbí méjì lọ, tí gbogbo ibi yòókù mọ́ kedere, fret kan ló yọrí. Ìgbésẹ̀ kẹfà. Ẹ rántí pé ẹlẹ́ṣẹ̀ sábà máa ń jẹ́ irin tó tẹ̀ lé èyí tí ẹ tẹ̀. Bí ó bá ń kùn ní ìkẹsàn-án, ìkẹwàá ni kí ẹ fura sí.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ọrùn

Ọrùn gìtá kò gbọdọ̀ nà tán. Ó yẹ kó tẹ̀ síwájú díẹ̀ bí ọrun ọdẹ, kí okùn lè ráyè fì láàárín. Díẹ̀ tí mo wí yìí kéré gan-an ni: nǹkan bíi mìlímítà 0.25 fún Stratocaster ìgbàlódé.

Bí ẹ ṣe máa wọ̀n ọ́n nìyí. Ẹ tune gìtá pátápátá. Ẹ gbé e sí itan bí ìgbà tí ẹ fẹ́ ta á, ẹ má tẹ́ ẹ sílẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ òsì tẹ okùn kẹfà ní fret kìíní, kí ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún tẹ okùn kan náà níbi tí ọrùn ti pàdé ara gìtá. Okùn yẹn ti di rúlà báyìí. Ẹ ní kí ẹnì kan fi gígé okùn 0.010 bọ abẹ́ rẹ̀, lórí fret kẹjọ. Bí ó bá wọlé tó kàn fara kan okùn òkè láìgbé e dìde, ọrùn yín dára, ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́. Bí kò bá wọlé rárá, ọrùn ti nà jù. Bí ó bá ń jó nínú àlàfo láìkan nǹkan kan, ó ti tẹ̀ jù.

Ẹ wá ẹnu truss rod. Lórí àwọn gìtá kan, ó wà ní ibi orí gìtá, lẹ́yìn nut; lára Les Paul, ike kékeré ló bò ó. Lórí àwọn mìíràn tó jẹ́ irú ti àtijọ́, ìdí ọrùn ló wà, a sì máa ń ní láti tú ọrùn díẹ̀ kí a tó rí i. Allen key tó bá a mu rẹ́gí ni kí ẹ lò. Èyí tó tóbi díẹ̀ tàbí tó kéré díẹ̀ yóò ha ẹnu rẹ̀ jẹ, ọjọ́ yẹn ni wàhálà gidi yóò bẹ̀rẹ̀.

Bí ọrùn bá nà jù, ẹ dẹ̀ ẹ́: ẹ yí i sí òdìkejì bí ọwọ́ aago ṣe ń yí. Bí ó bá tẹ̀ jù, ẹ dẹ okùn wálẹ̀ díẹ̀ kí ẹ tó fún truss rod le, bí ọwọ́ aago ṣe ń yí. Èyíkéyìí tó wù kó jẹ́, ẹ má yí i ju ìdámẹ́rin ìyípo kan lọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ tune é padà, ẹ wọ̀n ọ́n, kí ẹ tó tún yí i. Igi kì í fi ìkánjú gbọ́ràn. Mo máa ń fi gìtá sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí n tó gbà pé ó ti dúró.

Bí truss rod bá le tí kò fẹ́ yí, tàbí tí ẹ gbọ́ tó dún kẹ́kẹ́ láìjẹ́ pé ọrùn yí padà, ẹ fi ọwọ́ sílẹ̀. Ẹ gbé e fún ẹni tó mọ̀ ọ́n. Gbogbo nǹkan yòókù tó wà nínú ìtọ́sọ́nà yìí ló ní àtúnṣe tó rọ̀, àmọ́ truss rod tó bá já kò ní.

Ìgbà tí ọyẹ́ bá dé ni iṣẹ́ yìí máa ń pọ̀ jù lọ́wọ́ mi. Igi gìtá ń mu omi inú afẹ́fẹ́, ó sì ń tú u jáde. Gìtá tí kò kùn rárá ní oṣù Kẹsàn-án lè bẹ̀rẹ̀ sí í kùn ní oṣù Kejìlá láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ẹ lè tún rí i pé etí àwọn fret ń gún àtẹ́lẹwọ́ yín, nítorí igi ti sún kì, irin kò sún. Bẹ́ẹ̀ náà ni èyí tó ń sùn nínú búùtù ọkọ̀ láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Àbámẹ́ta, tó wá ń lo ọjọ́ Àìkú lábẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀bi gìtá.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: saddle

Ọrùn ti dára báyìí, tàbí ó ti dára tẹ́lẹ̀. Ẹ tẹ okùn kẹfà ní fret kìíní, kí ẹ wo gíga rẹ̀ lórí fret kẹtàdínlógún. Nǹkan bíi mìlímítà 1.6 ni ó yẹ kó jẹ́ láti orí irin dé ìsàlẹ̀ okùn. Káàdì ATM méjì tí ẹ gbé léra jẹ́ 1.5. Bí méjèèjì bá wọlé wẹ́rẹ́ tí okùn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ má kàn wọ́n, ẹ ti dé ibẹ̀. Bí wọ́n bá ń ti okùn sókè, ó wálẹ̀ jù.

Saddle Stratocaster kọ̀ọ̀kan ní skúrù kékeré méjì tí Allen key tẹ́ẹ́rẹ́ ń wọ̀. Ẹ yí méjèèjì bákan náà kí saddle má baà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìdajì ìyípo, ẹ tune é, ẹ ta á ní gbogbo ibi tó ti kùn lórí bébà yín. Bí ó bá ṣì ń kùn, ìdajì mìíràn. Lára Les Paul, táyà irin kékeré méjì ló wà, ọ̀kan lápá okùn kẹfà, ọ̀kan lápá okùn kìíní. Wọ́n ń gbé gbogbo bridge sókè lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà ẹ kò lè dá okùn kan gbé. Bí ẹ bá ń ṣe ti Stratocaster, ẹ fi ojú wo orí àwọn saddle láti ìdí gìtá: ó yẹ kí wọ́n rí kọrọdọ bí ẹ̀yìn ìjàpá, àárín ga díẹ̀ ju etí lọ, nítorí pé ọrùn gìtá náà kò tẹ́ pẹrẹsẹ.

Ohun kan tún wà tó ń fara jọ kíkùn. Pickup, ohun tó ń gba ohùn okùn ránṣẹ́ sí amp, ní mágínẹ́ẹ̀tì nínú. Bí ó bá sún mọ́ okùn jù, ó ń fa okùn mọ́ra, ohùn òkè yóò wá máa gbọ̀n, bí ẹni pé ohùn méjì ń jà nínú ẹyọ kan. Ẹ tẹ okùn kẹfà ní fret tó kẹ́yìn. Kí àlàfo tó wà láàárín rẹ̀ àti pickup má dín ní mìlímítà 2. Skúrù tó wà létí pickup ni ẹ ó fi sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Bí ẹ bá gbé saddle títí tí skúrù rẹ̀ fi tán, tí okùn ṣì wálẹ̀, bí ọrùn ṣe jókòó mọ́ ara gìtá ni kò tọ́. A máa ń tú ọrùn láti fi nǹkan pẹlẹbẹ sí abẹ́ rẹ̀. Mi ò ní gba ẹni tó ń ṣe é fún ìgbà àkọ́kọ́ nímọ̀ràn láti dá a ṣe.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: nut

Ẹ tẹ okùn ní fret kẹta, kí ẹ wo àlàfo tó wà láàárín rẹ̀ àti fret kìíní. Ó yẹ kí ẹ rí ìmọ́lẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, bí irun orí. Ẹ fi èékánná tẹ okùn níbẹ̀, kí ẹ gbọ́ bí yóò ṣe dún tín. Bí okùn bá ti jókòó lórí fret kìíní láìsí àlàfo rárá, ihò nut ti jìn jù.

Pàṣípààrọ̀ nut ni àtúnṣe tó ní láárí jù. Àmọ́ bí ìsìn bá ku ọ̀la, ẹ lè kún ihò náà. Ẹ yọ okùn kúrò, ẹ lẹ téèpù bébà mọ́ ara igi yíká. Ẹ wọ́n baking soda, kì í ṣe kánún o, sínú ihò náà díẹ̀, kí ẹ kán super glue ẹyọ kan sí i. Lójú ẹsẹ̀ ni yóò le bí òkúta. Ó máa ń gbóná, ó sì ń ta èéfín, nítorí náà ẹ ṣí fèrèsé, ẹ má tẹ ojú sún mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà, ẹ fi fáìlì tẹ́ẹ́rẹ́ tàbí gígé okùn tó nípọn gbẹ́ ihò tuntun, kí ó dà sílẹ̀ díẹ̀ sápá kọ́kọ́rọ́. Ẹ máa gbẹ́ díẹ̀ kí ẹ máa dán an wò. Bí ibi tó ga jù bá wà lápá kọ́kọ́rọ́, tí iwájú wálẹ̀, okùn yóò máa kùn nínú nut fúnra rẹ̀ bí gòjé.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: fret kan ṣoṣo

Ibí nìkan ni fáìlì ti wúlò fún fret, síbẹ̀ kì í ṣe òun la fi ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ wá irin tàbí ike tó gún régé tí yóò jókòó lórí fret mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà láìkan ìkẹrin. Etí káàdì ATM tó gùn dára fún fret ìsàlẹ̀. Bí ẹ bá ti ń gòkè ni àwọn fret ń sún mọ́ra, nítorí náà ẹ gé e kúrú. Ẹ gbé e lé mẹ́ta, kí ẹ máa ti etí rẹ̀ méjèèjì. Bí ó bá mì lọ mì bọ̀ bí tábìlì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú, fret àárín ló ga. Ẹ ṣe é lábẹ́ okùn tó ń kùn gan-an, nítorí fret kan lè ga lápá kan kó sì dára lápá kejì.

Ẹ fi ìka tẹ fret náà mọ́lẹ̀ kí ẹ tún káàdì gbé lé e. Ṣé ó dẹ́kun mímì? A jẹ́ pé ó ti gbéra kúrò nínú igi ni. Ẹ gbé igi kékeré lé e, kí ẹ fi òòlù ike gbá a jẹ́jẹ́ títí yóò fi jókòó. Super glue ẹyọ kan létí rẹ̀ yóò dì í mú. Mo ti rí ọ̀pọ̀ gìtá olówó pọ́ọ́kú tí ohun tó ń ṣe wọn kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí kò bá gbéra, tó kàn ga, ẹ bo igi ọ̀tún àti òsì rẹ̀ pẹ̀lú téèpù bébà. Ẹ bo àwọn pickup pẹ̀lú, nítorí ìyẹ̀fun irin yóò sá tọ mágínẹ́ẹ̀tì lọ, kò sì ní fẹ́ kúrò. Ẹ fi máákà kun orí fret náà, kí ẹ fi fáìlì kékeré tó tẹ́ pẹrẹsẹ fà á lẹ́ẹ̀mejì sí mẹ́ta, kí ẹ tún káàdì dán wò. Lẹ́ẹ̀mejì sí mẹ́ta ni mo wí. Bí ó bá ti dẹ́kun mímì, ẹ dúró. Orí rẹ̀ yóò ti di pẹrẹsẹ báyìí, ẹ fi etí fáìlì rọra yí i padà sí kọrọdọ, kí ẹ fi sandpaper dídán parí rẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ pé fret bíi mẹ́wàá ló ń mì, tàbí tí okùn ti gbẹ́ kòtò sí orí wọn, kì í ṣe iṣẹ́ ẹyọ fret mọ́. Gbogbo wọn ni a ó tẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹ gbé e fún oníṣẹ́.

Kí ẹ tó dì í sínú àpò

Ẹ tune é, kí ẹ tún gbogbo bébà yẹn ta láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá ti gbé saddle tàbí yí ọrùn, ẹ wo ohùn fret kejìlá: ẹ fọwọ́ kan okùn fẹ́rẹ́ lórí rẹ̀ kí ó dún, ẹ tún tẹ̀ ẹ́ níbẹ̀ kí ẹ ta á. Bí èyí tí ẹ tẹ̀ bá ga ju èkejì lọ, ẹ fa saddle sẹ́yìn. Bí ó bá wálẹ̀, ẹ tì í síwájú.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ọ́ sórí bébà kan náà: ọjọ́, ìwọ̀n okùn, gíga okùn kẹfà àti ìkìíní, bí gígé okùn 0.010 ṣe wọlé lórí fret kẹjọ, àti iye tí ẹ yí truss rod pẹ̀lú apá tí ẹ yí i sí. Ẹ ká a sínú àpò gìtá. Tí ọyẹ́ bá dé lọ́dún tó ń bọ̀, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ mú jáde.